Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ọmọrí táńkì epo "original" kiri n'Íbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Corolla àti Camry tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó páàtì ọkọ̀ lórí WhatsApp, ó ní Géètì lòun ti ń tajà. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí orúkọ mìíràn ló ṣeé ṣe kó jẹ́ fún yín lọ́la. Ọgbọ́n tó fi ń lu èèyàn ní jìbìtì ni kẹ́ ẹ mọ̀.

Iná check engine á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fi sìkánà (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀) wò ó, P0455 tàbí P0457 á jáde. Ohun tí nọ́ńbà méjèèjì ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ epo ń jò níbì kan, ọmọrí táńkì ló sì yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò. (Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ OBD-II, kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì àti afẹ́fẹ́ epo, di dandan nínú ọkọ̀ tuntun. Òun ló ń pariwo nítorí ọmọrí lásán.) Títí dé ibí yìí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin wa á wá ní òun ní "original", ₦12,000, ẹ kọ́kọ́ sanwó, ọlọ́kadà á gbé e wá. Mẹkáníìkì òun náà á tẹ̀lé e wá bá yín dé e, owó iṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Owó iṣẹ́ kí ni? Ọmọrí táńkì ò fẹ́ sípánà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó ń fa sìgá. Ẹ yí ti àtijọ́ sọ́wọ́ òsì, ẹ fa okùn rọ́bà tó so ó mọ́ ọkọ̀ yọ, ẹ ti okùn tuntun bọ ojú ihò kan náà, kẹ́ ẹ wá yí ọmọrí sọ́wọ́ ọ̀tún títí á fi dún kọ́-kọ́-kọ́. Kò tó àsìkò téèyàn fi ń jẹ àkàrà méjì.

Sìkánà ọwọ́ mẹkáníìkì yẹn gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ rán an. Bó bá ti dé ọmọrí tán, á fi sìkánà pa iná náà. Iná á kú lójú yín, inú yín á dùn, ẹ ó sanwó. Bó jẹ́ ọ̀rá ló fi dé ẹnu táńkì, iná yẹn á kú bákan náà! Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tún ara ẹ̀ yẹ̀ wò kó tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ṣì ń jò, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣe é: ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ti tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó tan án, epo inú táńkì ò gbọdọ̀ kún bámúbámú, kò sì gbọdọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Kí iná tó padà, àwọn èèyàn wa ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Apẹtẹ tiẹ̀ rí wọn pè padà. Wọ́n ní canister (agolo tó ń gba afẹ́fẹ́ epo táńkì sára) ló bàjẹ́, ₦85,000. "Ọmọrí yẹn dáa, ẹ̀yin náà ṣáà rí i pé iná kú." Irọ́ àkọ́kọ́ ti di ẹlẹ́rìí fún ìkejì. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n yọ ọmọrí náà wá, ká wò ó nínú oòrùn.

Inú ọ̀rá tuntun ló ti jáde, ó dúdú, ó ń dán. Mo fi àtàǹpàkò nù ún, dúdú mọ́ mi lọ́wọ́: nǹkan tí wọ́n fi ń kun táyà ni. Ẹ wo rọ́bà tó yí ọrùn ẹ̀ ká: apá kan fẹ̀, apá kan tín-ín-rín, ojú sísọ́ọ̀sì sì hàn létí ẹ̀ gbangba. Túúbù táyà ni wọ́n gé! Rọ́bà túúbù ò lè fara da bẹntiróòlù. Á wú, á rọ̀, á ya. Ojúlówó rọ́bà ọmọrí dọ́gba yíká, kò sí ojú àlẹ̀mọ́ níbì kankan.

Abẹ́ ẹ̀ ló tún burú jù. Fáàfù kékeré onísípíríǹgì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé bí epo bá ń lọ sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí i pa. Bí ọ̀nà canister tí táńkì fi ń mí bá tún wá dí, ọkọ̀ tí wọ́n fi irú ẹ̀ dé á máa fa epo títí táńkì ò fi ní lè mí mọ́, ó sì lè kú lójú ọ̀nà. Ẹ ṣí ọmọrí, ẹ ó gbọ́ "ṣììì", ẹ́ńjìnì á tún tan. Kí irú ẹ̀ wá ṣe yín ní Ìwó Road nírọ̀lẹ́, káwọn oní-Micra máa fọn fèrè lé yín lórí!

Ẹ ṣọ́ra fún ọmọrí oníkọ́kọ́rọ́ náà. Látìgbà tí epo ti gbówó lórí lóṣù Karùn-ún 2023 lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá a, kí olè má baà fa epo wọn lóru. Ẹ ní kí ọlọ́jà mú kọ́kọ́rọ́ ọmọrí mìíràn, kó fi gbìyànjú tiyín. Bó bá ṣí i, ẹ dá a padà síbi tó ti mú un.

Tó bá jẹ́ èmi, mo máa mú ọmọrí àtijọ́ dání lọ sí Àráròmí, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Géètì, fúnra mi, lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọlọ́jà tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n á fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ wo ojú ìlọ́ wọn. Tòkunbọ̀ tí rọ́bà ẹ̀ ṣì dáa sàn ju "tuntun" tí wọ́n kùn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ yín àti ọdún ẹ̀ sínú rìsíìtì. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 gbà yín láàyè láti dá ọjà padà láìpẹ́ tẹ́ ẹ rà á, bẹ́ ẹ bá ti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe fún ọlọ́jà tí kò sì bá a mu, rìsíìtì yẹn ló sì máa gbè yín lẹ́sẹ̀. Ọlọ́jà orí WhatsApp tó bá ní òun ò kọ rìsíìtì, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i.