Owó áàpù tàbí owó alájẹṣẹ́kù?

Ẹni tó ń ta gààrí ní Kàbà tàbí Ìsánlú, tó fẹ́ yá ₦50,000, lè rí i gbà lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó kọ́kọ́ ṣírò ná. Bí áàpù bá yọ èlé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣáájú, ₦42,500 ló máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ₦50,000 ló máa san lẹ́yìn 30 ọjọ́. Èlé ₦7,500 lórí ₦42,500 ti ju ìdá 17 lọ, lóṣù kan péré! Bí ọjọ́ bá kọjá, owó ìtanràn á máa gorí ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yá ti áàpù kejì san ti àkọ́kọ́.

Alájẹṣẹ́kù ń falẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn á ní kéèyàn dá owó fún oṣù mélòó kan, kó sì mú onídùúró wá. Ṣùgbọ́n bí èlé wọn bá jẹ́ ìdá 10, ₦5,500 ló máa san lóṣù fún oṣù 10, tòun tèlé. Bí kò bá san, onídùúró ló wọ gbèsè.

Fún ọjà títà, alájẹṣẹ́kù ni. Áàpù wà fún àìsàn òru, bí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bá ti fọwọ́ sí i. Èyí tó bá fẹ́ wo nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ rẹ, pa á rẹ́.