Gáìdì tá a gbà ní Àgbádárìgì: ẹni tó bá fẹ́ mú àlejò òyìnbó lọ kó wá ka èyí

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nípa gáìdì tó mú wa yí Àgbádárìgì po, ẹ jẹ́ n yáa kọ ọ́ báyìí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síbí torí mi ò tíì gba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ ẹ lè fi ohun tó ṣe wá ẹlòmíì tó bá jọ ọ́, àwọn gáìdì pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, kẹ́ ẹ ṣáà dé Marina ti Àgbádárìgì, wọ́n á ti yí yín ká.

Ọkọ àǹtí mi tó jẹ́ ará Jámánì àti màmá ẹ̀ ni mo mú lọ. Àwọn méjèèjì ò dé Nàìjíríà rí. Kí wọ́n tó wọ bàálù rárá ni wọ́n ti ka gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ nípa wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yahoo o, gbájúẹ̀ o, àwọn tó ń já fóònù gbà o, débi pé láti Mile 2 ni màmá yẹn ti gbá báàgì ẹ̀ mọ́ra, kò jọ̀wọ́ ẹ̀ títí a fi kọjá Àgbárá. Mi ò bá a wí o, témi náà bá dé ìlú tí mi ò ti mọ ẹnì kankan, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe. Àmọ́ lójú tèmi, gbájúẹ̀ gidi ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀, ohun tó pọ̀ ni iye tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Ẹ wọ ọkọ̀ láìbèèrè iye, ẹ mu omi àgbọn láìbèèrè iye, ẹnì kan bá yín gbé ẹrù, ẹ ò bèèrè iye, nígbà tó bá wá di ká sanwó, iye tó bá wu kálukú ló máa pè, ẹ̀yin náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n lù yín ní jìbìtì.

Ibi tí gáìdì yìí ti gba máàkì lọ́wọ́ mi nìyẹn. A ò tíì kúrò nílé tó ti fi WhatsApp ránṣẹ́, ó to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: owó tiẹ̀ rèé, owó ìwọlé sí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rèé, owó bóòtù àlọ àtàbọ̀ rèé, owó ọ̀kadà ní òdìkejì ọ̀sà rèé tẹ́ ò bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ohun tí ò bá sí nínú èyí, ẹni tó bá bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó wá bá òun. Mi ò ní kọ iye náà fún yín torí bí bẹntiróò bá ṣe ń lọ sókè lowó bóòtù ń tẹ̀lé e, iye òní lè má jẹ́ iye ọ̀la. Àmọ́ mo ní kí àbúrò mi kan pe nọ́ńbà míì tá a rí lórí Facebook, kó ní òun ń mú òyìnbó bọ̀, ìyẹn pe iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta, ó tún ní kó san gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san gbogbo owó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdajì ni tiwa gbà, ó di ìgbà tá a padà dé èbúté kó tó gba ìyókù, ó sì dúró kí alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù tiẹ̀ kó tó ní "ó ti wọlé, ẹ ṣé", kò tiẹ̀ wo orí fóònù tèmi rárá. Àwọn èèyàn ti fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú jẹ àwọn náà níyà. Bí àlejò ṣe ń bẹ̀rù wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù àlejò.

Nínú bóòtù ni ọkọ àǹtí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí wọ́n ṣe fún un níbòmíì, ara mi wá balẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ó ní ní Paris, lórí òkè Montmartre níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur, àwọn kan máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á kàn fa ọwọ́ ẹ, wọ́n á so òwú aláràbarà mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́ bí ẹní ń ṣeré, kó o tó ṣẹ́jú ó ti di gbèsè, owó ni wọ́n ń bèèrè yẹn. Ó ní ní Bangkok, ẹnì kan tó múra dáadáa á dá ẹ dúró nítòsí Grand Palace, á ní wọ́n ti ààfin pa lónìí, pé kí kẹ̀kẹ́ tuk-tuk gbé ẹ lọ wo nǹkan míì, ṣọ́ọ̀bù òkúta iyebíye ni wọ́n máa já ẹ sí, ààfin ọ̀hún sì wà ní ṣíṣí gbayawu. Gáìdì wa rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ má lọ jìnnà, ní Kútọnu tó wà nítòsí yìí, àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an ni òyìnbó. Òótọ́ ni jàre. Gun zem, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn, láìsọ iye kó o tó gbé ẹsẹ̀ sókè, kó o tún ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ Faransé, wàá rí i bí owó ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà. Wọ́n wá jọ fẹnu kò sórí ẹ̀ pé ibi tó o bá ti rí ẹni tó kọ́kọ́ wá bá ẹ pẹ̀lú ẹ̀rín láìjẹ́ pé o pè é, kó o béèrè iye kó o tó dáhùn. Ọkọ àǹtí mi tún fi kún un pé tí ẹ̀rọ káàdì bá bi ẹ́ nílẹ̀ òkèèrè bóyá owó ìlú ẹ lo fẹ́ fi san án tàbí owó ìlú tó o wà, owó ìlú tó o wà ni kó o yàn, torí tó o bá yan owó ìlú ẹ, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ fún ẹ.

Ká padà sórí gáìdì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà la ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà ní Marina, 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀, Àjàyí Crowther sì gbé ibẹ̀, àwa tá à ń ka Bíbélì Yorùbá ló yẹ ká máa sáré lọ wò ó ju òyìnbó lọ. Igi Agia tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù Kírísítì lábẹ́ ẹ̀ ní 1842 kò sí mọ́, ó ti wó láti 1959, àmì ìrántí ló kù níbẹ̀, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ibi tó mú màmá yẹn dákẹ́ ni ilé Seriki Williams Abass, ogójì yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Bàbá yẹn fúnra ẹ̀, wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n gbé e dé Brazil, ó padà wálé, ó wá di ẹni tó ń ta èèyàn. Wọ́n ní agboòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ra ogójì èèyàn nígbà yẹn, gáìdì ní "ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn", kò búra sí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn lára ẹ̀ gan-an, níbi tó mọ̀ ó sọ pé òun mọ̀, níbi tó bá jẹ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu, ó fi "wọ́n ní" síwájú ẹ̀. Kànga tó wà lójú ọ̀nà ní Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà, èyí tí wọ́n ní ẹrú tó bá mu omi ẹ̀ á gbàgbé ilé, bó ṣe sọ tiẹ̀ náà nìyẹn. Mo ti tẹ̀lé gáìdì míì rí tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló ń pọn omi yẹn fún wọn.

Ní èbúté, kí á tó wọ bóòtù, àwọn ọmọkùnrin kan yọ sí wa, wọ́n ní owó ilẹ̀ fún òyìnbó. Owó ilẹ̀ wo? Kí n tó lanu, gáìdì ti bá wọn sọ Ègùn díẹ̀, mi ò mọ ohun tó sọ, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n yà fún wa. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n já rìsíìtì fún yín, ẹni tó bá ní rìsíìtì ẹ san án, ẹni tí ò bá ní, ẹ kí i dáadáa kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má jà o. Wọ́n tún gbé jákẹ́ẹ̀tì ojú omi fún wa, èyí tí wọ́n fún màmá ti já lókùn, gáìdì dá a padà ó gba òmíì, kò retí ká sọ fún un.

Ibi tí ìràwọ̀ karùn-ún ti bọ́ wá rèé. Létí òkun lọ́hùn-ún, ní ibi ẹnu ọ̀nà àìpadàbọ̀ tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun, ọkùnrin kan ń ya àwọn àlejò mi ní fọ́tò, kò bèèrè, kò wí nǹkan kan, ó ṣáà ń yà wọ́n, màmá tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i, ó rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ó kó fọ́tò tó ti tẹ̀ jáde sílẹ̀, ó sì pe owó. Gáìdì wa tó lẹ́nu láàárọ̀ wá dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n mọ ara wọn, ó hàn lójú ẹ̀. Èmi ni mo bá a dúnàádúrà títí a fi gba méjì, a dá ìyókù padà. Owó yẹn ò pọ̀ tó ohun téèyàn ń fi ṣe ìjà, àmọ́ kò sí nínú ìwé tó kọ ránṣẹ́, òun náà ló sì ní ohun tí ò bá sí nínú ẹ̀ kí wọ́n wá bá òun. Mo sọ fún un nígbà tá a padà dé, ó ní ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, ọmọ àdúgbò ni. Ó dáa, ìràwọ̀ kan náà ti lọ.

Àwọn ohun tí kì í ṣe jìbìtì rárá tó tún fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ wà o. Ìyá kan ń jẹun létí omi, bá a ṣe ń kọjá ó ní ẹ wá jẹun o, ọkọ àǹtí mi bá yà síbẹ̀ ó fẹ́ jókòó, tayọ̀tayọ̀! Gáìdì ló tètè dá ìyá yẹn lóhùn pé á gba ibi ire o, ó sì fa ọ̀gá wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni màmá fi ọwọ́ òsì na owó sí ìyá alágbọn, ìyá náà kàn ń wo owó yẹn, kò gbà á, màmá rò pé owó yẹn ló kéré, ó tún ń wá òmíì fi kún un. Ẹni tó bá ní àlejò nílé kó sọ fún wọn kí wọ́n tó jáde pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń fúnni tí wọ́n sì fi ń gbà, kí wọ́n sì máa kí àgbà kí wọ́n tó bèèrè ọjà, ìkíni nìkan máa ń já owó wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa. Àwọn ọmọdé tó ń pariwo òyìnbó-òyìnbó lẹ́yìn wọn, wọn ò bú wọn, kí wọ́n juwọ́ sí wọn ni.

Ọ̀rọ̀ Seme, ẹnu ibodè Nàìjíríà àti Benin, wá ni ibi tí gáìdì yìí ti gbà wá. Ọkọ àǹtí mi ní níwọ̀n ìgbà tá a ti dé ibi báyìí, kí ló dé tá ò kọjá lọ wo Kútọnu ká padà lálẹ́. Gáìdì bi í léèrè pé ṣé físà Nàìjíríà tó gbà jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ̀ẹ̀kan ni. Tó bá jáde, ó ti jáde nìyẹn, á nílò físà míì kó tó lè padà wá kó ẹrù ẹ̀ nílé wa, ẹ sì wá tún rántí pé ará Jámánì nílò físà Benin náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á. Àwa ọmọ ECOWAS ló ní àǹfààní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, àdéhùn yẹn ti wà láti 1979, òyìnbó ò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ gáìdì míì tó ń wá owó mọ́tò Seme, á kàn ní ẹ jẹ́ ká máa lọ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọjá náà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́nu ibodè. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn, àmọ́ ọgbọ́n kan wà tí àwọn tí ò ṣe dáadáa ń ta: á ka owó fún ẹ, ìwọ náà kà á, kò pé, á ní họ́wù, mú un wá kí n fi ìyókù sí i, á gbà á padà, á fi ìyókù sí i lóòótọ́, àárín ló máa ti yọ. Owó tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ tó tún padà sí tiẹ̀, tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o tó fún un ní tìẹ. Ẹni tó bá mú yúrò lọ́wọ́ ní ìwọ̀n kan tí kò ṣeé yí lórí, sẹ́fà (owó Benin) 655.957 ni wọ́n so mọ́ yúrò kan, ẹni tó bá pe ohun tó jìnnà sí i, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ má ya fọ́tò ní ibodè, ẹ má ya àwọn aláṣọ ìjọba lójú ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró sì pọ̀ láti Àgbárá lọ, ẹ jẹ́ kí pásípọ́ọ̀tù àlejò yín wà nítòsí, kì í ṣe nísàlẹ̀ àpótí nínú búùtù.

Ó kù díẹ̀: ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó sọdá, ẹ gbé omi dání, bàtà tó ṣeé fi rin iyanrìn ni kẹ́ ẹ wọ̀ torí ìrìn láti ẹsẹ̀ bóòtù dé etí òkun kì í ṣe kékeré, oòrùn ibẹ̀ ò sì mọ òyìnbó yàtọ̀. Ẹ pe gáìdì yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kẹ́ ẹ bèèrè nípa fọ́tò kó kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Èmi ti sọ fún tèmi, ó ní òun ti fi kún un.