Owó igi tí ìjọba ń fún àgbẹ̀: ohun tí ojú mi rí ní Ìsẹ̀-Èkìtì

Àbúrò mi tó ń dáko ní Ẹmùré bi mí bóyá kí òun náà gba fọ́ọ̀mù ètò tí ìjọba fi ń fún àgbẹ̀ ní ọmọ igi àti owó. Mo ní kó gbà á, àmọ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un.

Éékà méjì tí mo fi wọ ètò náà wà létí odò, lẹ́yìn oko kòkó bàbá mi. Ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ibẹ̀ débi pé gbòǹgbò kòkó yọ síta bí iṣan ẹsẹ̀ arúgbó.

Ìdí fọ́ọ̀mù ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Ilẹ̀ ẹbí ni, ta ló ń ṣe ìwé fún ilẹ̀ ẹbí lóko? Ìgbà tí olórí ẹbí wa fọwọ́ sí i, tí àgbà méjì jẹ́rìí, ni wọ́n tó gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọkọ̀ lọ sí Adó nítorí rẹ̀.

Àwọn ọmọ igi náà dára, mi ò ní purọ́. 200 ni wọ́n: afàrà, ayùnrẹ́, arère díẹ̀. Ewé wọn ń dán nínú ọ̀rá dúdú, gbòǹgbò wọn ò sì lọ́ mọ́ra. Ẹni tó tọ́ wọn mọṣẹ́. Igi tí kòkó ń fẹ́ gan-an ni afàrà àti ayùnrẹ́, ibòji wọn kì í ṣú jù, ayùnrẹ́ sì máa ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kó wọn wá kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó fi abẹ ya ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ mú kó má baà tú, ó rọra gbé e sínú ihò. Ó ní, "Ẹ wò ó, Mọ́mì, bí iyẹ̀pẹ̀ yìí bá fi lè tú, igi ti kú nìyẹn."

Àmọ́ oṣù Kẹwàá ni wọ́n gbé e dé! Igi tó yẹ kó wọlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́.

Owó ìgbìn wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó pé, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí n fún òun nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, mi ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọyẹ́ dé. Èmi àti ọmọ mi ń pọnmi láti odò, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin nírọ̀lẹ́, títí di oṣù Kẹta. Ọmọ igi 88 ló rí òjò tuntun. Kò sẹ́ni tó wá kà wọ́n, kò sì sí kọ́bọ̀ fún omi tí a pọn.

Ibẹ̀ ló ń dùn mí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ní Conservation Reserve Program. Àgbẹ̀ tó bá yọ ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń jẹ kúrò nínú oko, tó gbin koríko tàbí igi sí i, ọdọọdún ni ìjọba ń san owó ilẹ̀ náà fún un, fún ọdún 10 sí 15, wọ́n sì ń bá a gbé lára owó ìgbìn. Owó tiwọn ń bá a lọ lẹ́yìn ọjọ́ ìgbìn. Ọjọ́ ìgbìn nìkan ni tiwa mọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa igi.

Mo ti sọ fún àbúrò mi: tí wọ́n bá tún gbé e dé ní oṣù Kẹwàá, kó má gbìn ín. Kó tò wọ́n sábẹ́ kòkó, nínú ọ̀rá wọn, kó máa bomi rin wọ́n níbẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ á fi múlẹ̀ dáadáa. Kó sì ti lọ bá olórí ẹbí nísinsìnyí nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀.