Fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba: Níbi Tí Ìtàn Ti Pàdé Àròsọ

Fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí Biyi Bandele darí, tí Netflix sì gbé jáde ní 2022, wá láti inú eré Wọlé Ṣóyínká lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí aláṣẹ òyìnbó dí ẹlẹ́ṣin, olóyè tó gbọ́dọ̀ kú tẹ̀lé ọba, lọ́wọ́ láti bá Aláàfin tó wàjà lọ. Ṣóyínká dá ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè bọ́ sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé, nítorí náà n kò bá a jà. Ọdúnladé Adékọ́lá, òṣèré tó kó ipa ẹlẹ́ṣin nínú fíìmù náà, sọ ọ́ di ẹlẹ́ran ara tó fẹ́ràn ayé, èyí tí àkọsílẹ̀ ìjọba kò lè sọ fúnni. Àwọn òyìnbó inú fíìmù náà (ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú) ni kò dá mi lójú.