Ìkìlọ̀ o: wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò tíì gbà fún un

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó pílọ́ọ̀tì fún ẹnikẹ́ni. Ajẹ́ǹtì kan ń ta ilẹ̀ oko ńlá kan ní pílọ́ọ̀tì-pílọ́ọ̀tì. Ohun tó ń sọ fún gbogbo wa ni pé: "Ìwé ti jáde. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilẹ̀ ilé gbígbé, wọ́n sì ti fọwọ́ sí pípín rẹ̀." Irọ́ ni. Mo wà lára àwọn tó ti sanwó.

Ẹ̀dà ìwé tó fi hàn mí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ ọ́fíìsì ìṣètò ìlú wà lókè, òǹtẹ̀ pupa wà lápá ọ̀tún, déètì sì wà láàárín òǹtẹ̀ náà. Bí mo ṣe rí òǹtẹ̀ yẹn ni ọkàn mi balẹ̀, n ò wulẹ̀ ka ohun tó wà nínú ẹ̀. Ohun tó sọ ò ju pé ìwé ìbéèrè ti dé ọwọ́ àwọn. Wọ́n gba ìwé, wọn ò gbà fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ ìbéèrè tó sì san owó fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lu irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún.

Àwòrán ilẹ̀ náà ńkọ́? Ìlà tó yí gbogbo oko ká nìkan ló ṣe gbọnrangandan. Èyí tó pín àwọn pílọ́ọ̀tì, ìlà gígé-gígé ni. Sọ̀féyọ̀ tí mo gbé e lọ bá ló fi ìka tọ́ ọ sí mi: ohun tí onílẹ̀ ń gbèrò ló yà síbẹ̀. Pílọ́ọ̀tì 14 tí mo ń pè ní tèmi, lójú òfin, kò tíì sí.

Ẹnì kan tó rà lẹ́yìn mi ní tirẹ̀ rí lẹ́tà ìgbìmọ̀ ìṣètò, tó sọ pé kí wọ́n yí ilẹ̀ náà padà sí ilẹ̀ ilé gbígbé. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ ìmọ̀ràn ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn aṣojú tí ará ìlú dìbò yàn ló ń pinnu rẹ̀, lẹ́yìn ìpàdé gbangba tí àwọn aládùúgbò ti lè sọ tẹnu wọn. Wọ́n lè má gba ìmọ̀ràn yẹn, wọ́n sì ń kọ̀ ọ́ dáadáa. Kódà tí wọ́n bá fọwọ́ sí pípín ilẹ̀, wọ́n sábà máa ń so àdéhùn mọ́ ọn: ọ̀nà, gọ́tà, omi. Àfi tí àwòrán ìkẹyìn bá wọ ìwé ìjọba ni pílọ́ọ̀tì tó wà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ò jẹ́ kí wọ́n tà á kó tó dìgbà yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ variance, ìyẹn ìyọ̀ǹda pé kéèyàn yà díẹ̀ kúrò nínú ohun tí òfin ìkọ́lé sọ. Mo bi ajẹ́ǹtì náà pé ṣé pílọ́ọ̀tì yìí ò kéré ju ìwọ̀n tí òfin ní kéèyàn kọ́lé sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rà á tán, wọ́n á fún yín ní variance, gbogbo ẹni tó béèrè ni wọ́n ń fún." Ẹ má gbà á gbọ́ láé. Ìyọ̀ǹda yẹn wà fún ilẹ̀ tó ní wàhálà tirẹ̀, bóyá ó dagẹ̀rẹ̀ tàbí ó rí ṣóńṣó, tí kò ṣeé lò bí òfin ṣe wí. Ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ gé ilẹ̀ kéékèèké, tó wá ń sunkún pé ó kéré, wọ́n sábà máa ń dá a padà ni. Èyí tí wọ́n fún aládùúgbò ò sì sọ pé wọ́n á fún ẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e yẹ̀ wò.

Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní ilẹ̀ ẹni kì í ṣe ilẹ̀ ìjọba, pé ta ni yóò dá mi dúró. Láti 1926 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ nínú ẹjọ́ Euclid pé ìlú lágbára láti sọ ohun tí wọ́n lè fi ilẹ̀ ṣe. Láti ìgbà òfin ìṣètò ìlú ti 1947 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ò ti gbà kéèyàn kọ́lé láìgbàṣẹ, kìkì nítorí pé ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Tó bá wá bá yín, ẹ gba nọ́ńbà fáìlì lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ bi wọ́n pé: wọ́n ti dìbò? Ọjọ́ wo? Àdéhùn wo ló wà níbẹ̀? Àwòrán ìkẹyìn ti wọ ìwé? Èmi gba ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín òwúrọ̀ kan, lọ́fẹ̀ẹ́, oṣù méjì lẹ́yìn tí mo sanwó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san tiyín, ẹ má dá rísíìtì nù, kí ẹ sì má ṣe fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Wọn ò tíì ṣe ìpàdé gbangba lórí ilẹ̀ náà. Mo ti kọ̀wé pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ kọ tiyín.