Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú Màámi nílé ní Peckham: ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ohun tí wọ́n kọ sínú app wọn lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí n máa tẹ èyí o. Àwa ọmọ náà máa ń rí app yẹn lórí fóònù wa, gbogbo ohun tí carer, olùtọ́jú tí iléeṣẹ́ ń rán wá, bá ṣe fún Màámi ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, oúnjẹ, oògùn, ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo ẹ̀. Mo wà níbi iṣẹ́, mo ṣí i, mo rí i pé Màámi "kọ ìtọ́jú, ó ń jà", carer sì ti lọ láìlo ìdajì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí à ń sanwó fún. Ìyá mi kẹ̀? Ìyá tó ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Íbàdàn tó fi tọ́ gbogbo wa, tí mi ò rí kó bá oníbàárà jà rí? Nígbà tí mo délé, Màámi wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá, wọ́n di ìró mọ́ra gírígírí, wọ́n ní olè wọlé.

Dementia, àrùn tó ń ba iyè jẹ́, irú tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ kéékèèké máa ń fà ni Màámi ní, vascular ni wọ́n pè é fún wa ní memory clinic. Wọ́n ṣì mọ̀ wá lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ṣì ń gbàdúrà tó gún régé. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pàápàá nígbà òtútù tí ilẹ̀ London ń tètè ṣú, ara wọn kì í balẹ̀ mọ́, wọ́n á máa wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Gbági àtijọ́ ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe Gbági tuntun ojú ọ̀nà Ifẹ̀.

Iléeṣẹ́ yìí mọ gbogbo èyí. Obìnrin tí wọ́n rán wá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ jókòó tì wá ní gbogbo ọ̀sán, ó béèrè oúnjẹ tí Màámi fẹ́ràn, orin, ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan apá tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ti bọ aṣọ. Ó fún wa ní ìwé pẹlẹbẹ This is me ti Alzheimer's Society, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ní dementia lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n ń kọ irú ẹni tí aláìsàn jẹ́ sí, a kọ ọ́ kún. Òun náà ló sọ fún wa pé òfin Care Act 2014 ní káńsù gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ Màámi wò yálà a lówó o, a ò lówó o, pé wọn ò ní ka ilé tí wọ́n ń gbé mọ́ £23,250, ìyẹn iye dúkìá tẹ́ni tó bá ní jù ú lọ á fi máa sanwó ìtọ́jú ara ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú ilé náà ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú, àti pé Attendance Allowance, owó tí ìjọba ń fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, kì í béèrè iye tó wà ní báńkì. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ni ò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé yẹn pé ẹ má fi orúkọ pe ìyá mi, "Mama" ni kẹ́ ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ sì kí wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo ní a ti rí ibi tó dáa.

Ẹni tó wá ní aago mẹ́rin ọjọ́ tí mò ń sọ yìí kò ka nǹkan kan níbẹ̀. A ò rí i rí, ẹnikẹ́ni ò sì pè wá pé ẹlòmíì ló ń bọ̀. Ó fi nọ́ńbà ṣí àpótí kọ́kọ́rọ́ tó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó wọlé, ó fi orúkọ pe Màámi, ó ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ pámpáàsì, ó di ìró wọn mú. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún àbúrò mi, torí àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ òru ló ń sùn lókè tí igbe Màámi jí i. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àjèjì já wọlé bá yín lójú alẹ́, kò kí yín, ó ní kẹ́ ẹ bọ́ra sílẹ̀, kí lẹ máa ṣe?

Mo pe ọ́fíìsì. Ẹni tó ń ṣètò rota, ìyẹn ẹni tó máa lọ síbi iṣẹ́ nígbà wo, ló gbé e. Mo ní ta ló rán ẹni yìí wá, ó ní ara carer tiwa ni ò yá, mo ní kí ló dé tẹ́ ò pè wá, ó ní ọwọ́ àwọn dí. Mo ní kó yọ "ó ń jà" yẹn kúrò, ó ní ohun tí wọ́n bá ti kọ sí àkọsílẹ̀ ò ṣeé pa rẹ́. Mo ní ó dáa, kó kọ tiwa sábẹ́ ẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní mánijà á pè mí. Mánijà ò pè. Ilẹ̀ mọ́, mo tún pè, wọ́n ní ó wà ní mítíǹgì, mo ní mo máa dúró, wọ́n fi orin sí mi létí, mo dúró títí ẹ̀wà tí mo gbé kaná fi jinná. Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré! Bí social worker bá kà á, bí nọ́ọ̀sì ọsibítù bá kà á, ojú oníjà ni wọ́n á fi máa wo ìyá mi, carer tó kàn á ti máa bẹ̀rù kó tó kanlẹ̀kùn, ẹnì kan á sì wá sọ fún wa pé ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ló tọ́ sí wọn.

Nígbà tí mánijà wá gbé fóònù, mo ka ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní England, sí i létí, èyí tó jáde ní 2015 lórí ìtọ́jú inú ilé, pé ìbẹ̀wò tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò yẹ kó wáyé àfi tí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú bá mọ carer náà, tí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sì mọ níwọ̀n. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Obìnrin yẹn ò bá mi jiyàn rárá. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì wá. Kò kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ Màámi ló lọ tààrà, ó lóṣòó síwájú àga wọn kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ó ní, "Mama, ẹ má bínú, a ṣẹ̀ yín." Òyìnbó o. Màámi gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n wúre fún un. Kó tó lọ, ó ti kọ ọ̀rọ̀ tiwa sábẹ́ àkọsílẹ̀ yẹn, ó kọ orúkọ carer mẹ́ta sílẹ̀ pé àwọn yìí nìkan ló máa máa wá, ó sì fi Ìyàwó sí aago mẹ́rin.

Ìyàwó ni Màámi ń pè é, torí náà bí mo ṣe máa pè é nìyẹn. Ọmọ Íńdíà ni, láti Kerala, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàsán mà" tí mo kọ́ ọ lọ. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tó bi mí pé kọ́kọ́rọ́ kí ni Mama máa ń wá. Mo sọ ọ̀rọ̀ Gbági fún un. Ó ní ṣé aṣọ wà nílé? A ṣí àpótí Màámi, a kó ankara, lace àti àdìrẹ jáde. Nígbà tí Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́, aṣọ ti wà lórí tábìlì, Ìyàwó ní, "Mama, oníbàárà ti dé." Ẹ wá wo Màámi! Wọ́n jókòó, wọ́n tú aṣọ, wọ́n fọwọ́ pa á wò, wọ́n na apá wọn ọ̀pá, wọ́n dá iye lé e, Ìyàwó ń ná an ní gẹ̀ẹ́sì, Màámi ń dá a lóhùn ní Yorùbá, ọjà ń lọ. Ibẹ̀ ló ti ń fún wọn ní tíì àti oògùn, tó bá yá, á ní kí àwọn palẹ̀ mọ́ kí àwọn tó ti ṣọ́ọ̀bù, Màámi á dìde tẹ̀lé e lọ sí balùwẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òun náà ló gbà wá nígbà tí Màámi dédé yí padà, tí wọn ò jẹun, tí wọ́n ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án gangan. A ti ń sunkún pé àrùn yẹn ti le sí i nìyẹn. Ìyàwó ní ká má tíì gbà bẹ́ẹ̀, ó ní ìtọ̀ wọn ń rùn yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kí n pe GP, dókítà àdúgbò wa, lójú ẹsẹ̀. Àkóràn inú ìtọ̀ ni, òun ló fa delirium, ìyẹn kí iyè ẹni dédé dàrú, wọ́n lo antibiotic, iyè wọn padà sí bó ṣe wà. Ta ló máa mọ̀ pé ìtọ̀ òní yàtọ̀ tí kì í bá ṣe ẹni tó wà níbẹ̀ lánàá?

Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọn ò tíì tún ṣe. Sunday tó kọjá, carer pẹ́ débi pé ìsìn ti fẹ́ parí kó tó dé, Màámi wà nínú aṣọ alẹ́, wọ́n ń bi mí ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí àwọn rí Ọlọ́run. Fóònù ọ́fíìsì kì í sì í ṣeé bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Àbúrò mi ní 2 ló tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà wọ́n, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó máa máa wá sínú care plan, ìwé ètò ìtọ́jú, kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ta ló máa wá lọ́jọ́ Sunday.