Ọ̀pá Ìfà, Dọ́lì Tàbí Tírélà: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Láti Fi Fa Ọkọ̀ Kékeré Lẹ́yìn Ọkọ̀-Ilé?

Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀-ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní RV ní Amẹ́ríkà, lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ rí mọ̀ pé lẹ́yìn tí a bá gúnlẹ̀ tán ni ìyọnu máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí búrẹ́dì bá tán, tàbí tí ọmọ bá nílò oògùn, a ní láti yọ wáyà iná, ká tú páìpù omi, ká sì gbé odindi ilé lọ sí ọjà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń so ọkọ̀ kékeré mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ṣe é: kí a fi ọ̀pá ìfà fà á pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ méjì iwájú lé dọ́lì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tàbí kí a gbé gbogbo ọkọ̀ sórí tírélà, ìyẹn pẹpẹ onítáyà tí a ń fà, kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe iye owó ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, bí kò ṣe ọkọ̀ kékeré tí ẹ ní àti ìwọ̀n tí ọkọ̀-ilé yín lè fà, nítorí àwọn méjèèjì yìí ni yóò yan ohun èlò fún yín.

Ìwọ̀n ṣáájú ohun gbogbo

Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wá rí. Èkíní ni GCWR, ìyẹn ìwọ̀n tó ga jù tí olùṣe ọkọ̀ fọwọ́ sí fún ọkọ̀-ilé àti ohun tó ń fà pa pọ̀, pẹ̀lú ènìyàn, omi àti ẹrù inú wọn. Èkejì ni ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára họ́ọ̀kù ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi Ford E-450 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé lé lórí. Ìwọ̀n tirẹ̀ nìkan kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 14,500 lọ, àpapọ̀ òun àti ohun tó ń fà sì jẹ́ 22,000, èyí tó fi hàn pé bí ilé bá tilẹ̀ kún fọ́fọ́, ó ṣì lè fa 7,500. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 5,000 ni wọ́n kọ sára họ́ọ̀kù, 5,000 náà ni òpin. Nọ́ńbà tó kéré jù ló máa ń pàṣẹ.

Ìwọ̀n Toyota Camry tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 3,400. Bí ẹ bá gbé e lé dọ́lì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 600, àpapọ̀ rẹ̀ di 4,000, họ́ọ̀kù 5,000 sì gbà á dáadáa. Bí ẹ bá gbé Camry kan náà sórí tírélà onírin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,000, ó ti di 5,400, ẹ sì ti kọjá òpin kí ẹ tó jáde nílé. Ọ̀pá ìfà ní tirẹ̀ kì í sábà ju pọ́n-ùn 60 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú díwọ̀n. Òṣùwọ̀n CAT Scale wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti ń dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ di omi, epo àti ẹrù sínú ọkọ̀ kí ẹ tó lọ wọ̀n ọ́n.

Ọkọ̀ tí ẹ ní ló ń yan ọ̀nà

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì, ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì ká inú jíà. Nígbà tí a bá ń fa ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì ti kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí, ó sì ń yí irin inú jíà láìsí ọ́ìlì tó tó, títí tí jíà yóò fi jóná. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ fa Camry tàbí RAV4 ọ̀tòmátíìkì pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń ta ọ̀pá ìfà fi yín lọ́kàn balẹ̀ tó. Honda CR-V ti Amẹ́ríkà ṣeé fà bẹ́ẹ̀ títí dé ti ọdún 2014, ṣùgbọ́n ní ti 2015, Honda pààrọ̀ irú jíà inú rẹ̀, kò sì ṣeé fà bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra CR-V àlòkù torí iṣẹ́ yìí wo ọdún rẹ̀ dáadáa. Ìwé atọ́nà tó bá ọkọ̀ wá, lábẹ́ àkòrí “recreational towing” (fífa ọkọ̀ fún ìgbafẹ́), ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ẹnu oníṣòwò lọ.

Jeep Wrangler ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tí a ń fà báyìí, nítorí a lè já ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára jíà pátápátá. Lórí Wrangler ọ̀tòmátíìkì tó ní ọ̀pá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, ẹ ó fa ọ̀pá kékeré yẹn sí N bí ìwé ti là á sílẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jíà sí R, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kí ẹ sì wò ó bóyá ọkọ̀ yóò rìn. Ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú D. Bí kò bá mira rárá, ẹsẹ̀ ti já kúrò lára jíà nìyẹn, ẹ sì lè pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi jíà sí P. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé P ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé Jeep wí.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Bí ọkọ̀ yín bá gbà á, ọ̀pá ìfà ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tó ń rìnrìn àjò lemọ́lemọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ fúyẹ́, kò gba àyè nígbà tí ẹ bá dúró, ẹnì kan ṣoṣo sì lè so ó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ yan èyí tí apá rẹ̀ ń gùn tó sì ń kúrú: ẹ fa apá méjèèjì, ẹ ki píìnì bọ̀ ọ́, ẹ rọra wa ọkọ̀-ilé síwájú, ẹ ó sì gbọ́ tí apá kọ̀ọ̀kan yóò dún “kọ̀” bí ó ti ń tì. Irú èyí tí apá rẹ̀ le gbagidi dínwó, àmọ́ ó ń béèrè pé kí ọkọ̀ méjèèjì bára mu rẹ́gí, èyí tó nira fún ẹni tó dá nìkan wà. Ẹ má gbàgbé pé irin tí wọ́n ń dè mọ́ férémù ọkọ̀ kékeré, wáyà iná ẹ̀yìn, bíréèkì àti owó iṣẹ́ mẹkáníìkì wà lórí iye ọ̀pá. Gbogbo rẹ̀ lè tó 3,000 sí 5,000 dọ́là. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wà ní títẹ́, nítorí bí họ́ọ̀kù bá ga ju irin iwájú ọkọ̀ kékeré lọ púpọ̀, bíréèkì òjijì lè mú kí ọkọ̀ kékeré tì wọ abẹ́ ọkọ̀-ilé.

Dọ́lì ni ti ẹni tó ní irú Camry, Sienna tàbí ọkọ̀ mìíràn tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń wọ́ ọ. Kò sí irin tí ẹ ó dè mọ́ ọkọ̀, ẹ sì lè pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ láìra ohun èlò tuntun. Àmọ́ okùn tí a fi ń di táyà máa ń dẹ̀ lẹ́yìn máìlì díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ fún un. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìyẹn AWD, kò gbọdọ̀ gun dọ́lì, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà nílẹ̀ yóò ba jíà jẹ́.

Tírélà gba gbogbo ọkọ̀, òun nìkan ló sì ṣeé fi ṣe rìfáàsì láìfòyà. Ọ̀pá àti dọ́lì kò yẹ fún rìfáàsì rárá. Ẹni tó ní ọkọ̀-ilé ńlá tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì tí họ́ọ̀kù rẹ̀ gba 10,000 lè rà á.

Bíréèkì: ẹ má fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ owó

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ. Ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 4,000 tó ń ti ọkọ̀-ilé láti ẹ̀yìn lórí òkè tó ń sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ohun tí bíréèkì ọkọ̀-ilé nìkan lè dá dúró. Ẹni tó ra ọ̀pá ìfà gbọ́dọ̀ ra bíréèkì ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú rẹ̀. Irú èyí tó ṣeé gbé, bíi Brake Buddy, máa ń jókòó sílẹ̀ níwájú àga awakọ̀, ó sì ń fi apá tẹ pẹ́dà. Ẹ lè gbé e láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra ni ẹ ó máa tún un tò. Irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́nú ọkọ̀, bíi InvisiBrake ti Roadmaster, kò ní kí ẹ ṣe ju pé kí ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo yàn èyí, nítorí ohun tí kò béèrè ìtòjọ ni a kì í gbàgbé nígbà tí ó bá rẹ̀ wá. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, rí i pé ó ní okùn àjálù, tí yóò tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ kékeré bá já. Ara ọkọ̀-ilé ni kí ẹ so okùn yẹn mọ́, kì í ṣe ara ọ̀pá ìfà, kí ẹ sì fi ṣéènì ààbò méjèèjì tó so ọkọ̀ kékeré mọ́ ọkọ̀-ilé kọ́ra lábẹ́ ọ̀pá.

Fún àwọn tó wà ní ilẹ̀ Bírítéènì

Ní ilẹ̀ Bírítéènì, ọkọ̀ tí a fi ọ̀pá onígun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní A-frame fà ni ìjọba kà sí tírélà. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju kílò 750 lọ, ó gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ òde òní. Dọ́lì níbẹ̀ wà fún gbígbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kì í ṣe fún ìgbafẹ́, nítorí náà ẹ má ra dọ́lì.

Àlòkù ńkọ́?

Ọ̀pá ìfà àlòkù lè dára púpọ̀ bí apá rẹ̀ bá ń tì dáadáa tí kò sì tẹ̀. Irin tí a ń dè mọ́ férémù yàtọ̀, nítorí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọdún rẹ̀ ló ní tirẹ̀. Ti Wrangler kò lè bá CR-V mu. Ní ti dọ́lì, ẹ béèrè bóyá ó ní bíréèkì, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀: bí ó bá ń dún tàbí tó ń mì, ẹ yọ iye bẹ́arìn àti táyà tuntun kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san.